Rọpárọsẹ̀: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan àti Àwọn Tó Fi Ṣèwádìí

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ báyìí lókè òkun, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbé ìwé ìlera kan fún un pé kó tú u sí Yorùbá. Ó wá bi mí pé: “Prof, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Yorùbá tó tọ̀nà fún stroke? Ṣé rọpárọsẹ̀ ni kí n kọ, àbí ẹ̀gbà, àbí kí n kàn kọ sitiróòkù bí àwọn èèyàn ṣe ń pè é?”

Mo fẹ́ dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Mo kọ rọpárọsẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìbéèrè náà kọjá ti gbólóhùn kan. Ìtàn ló wà nídìí rẹ̀. Ìtàn ọ̀hún gba Ìbàdàn kọjá, ó ya Igbó-Ọrà, ó sì dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní tèmi, Isolo-Opin, ìlú wa, ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1989 ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, jí láàárọ̀, ó fẹ́ fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ọwọ́ ọ̀tún kò dìde. Ìyàwó rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ohùn tó ń jáde kò sì yé ẹnikẹ́ni.

Kíá, ilé kún. Ẹnì kan ní ọfà ni wọ́n ta á. Ẹlòmíràn ní afẹ́fẹ́ búburú ló fẹ́ lù ú lóko. Ohun tí gbogbo wọn jọ gbà ni pé àìsàn yìí kò gba abẹ́rẹ́ o. Ẹni tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́ nínú irú rẹ̀, kò ní í padà wá sílé.

Kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Awakọ̀ kan ló mú iṣẹ́ wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ́ni. Ọjọ́ kẹta ni mo tó dé ilé. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní, ìkòkò àgbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lápá. Àwọn àgbà kí mi: “Ọ̀mọ̀wé, o kú ìrìn. Má kánjú o, jẹ́ ká fi ọjọ́ méje wò ó ná.” Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbà. Èmi tí mo ń dúró níwájú kíláàsì, tí mo ń sọ fún yín ibi tí èdè ń gbé nínú ọpọlọ, mo jókòó ti àwọn àgbà, mo gbà. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí n tó dìde pé ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ.

Nílé ìwòsàn tí a dé, ìbéèrè méjì ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ gbẹ̀yìn? A kò rí èyíkéyìí dáhùn. Wọn kò wọ̀n ọ́n rí láyé rẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí, ohun tí ìyá wa máa ń sọ ni pé òun pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nígbà tí ìròyìn ogun Hitler dé ìlú. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì wo irun rẹ̀ tó ti funfun, ó kọ 70. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1939 ni ogun Hitler bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì ju ọmọ nǹkan bí àádọ́ta ọdún lọ. Ẹ fi ìbéèrè méjèèjì yìí sọ́kàn, a óò padà wá bá wọn.

Ó yè é. Ó tún lo ọdún mẹ́fà láyé. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kò sì padà bí ó ṣe wà. Ó lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ogún láìṣì í kà. Bí a bá dá orin ìsìn, yóò gbè é. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wa, yóò bá wa parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ní “ẹ fún mi lómi.” Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi bu omi wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe kọ́ọ̀sì mi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Paris lọ́dún 1861, dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti lo ọdún púpọ̀ tó jẹ́ pé sílébù kan ṣoṣo, tan, ló máa ń sọ. Broca rí i pé apá òsì ọpọlọ náà, níwájú, ló ti bàjẹ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, òun náà ló sì ń gbé èdè ró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fi jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí a ti há sórí tipẹ́, bíi kíkà, orin àti oríkì, máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ tuntun kò bá ṣe é dá mọ́. Inú ìwé ni mo ti ka gbogbo èyí. Àgbàlá wa ni mo ti wá fojú rí i.

Orúkọ tí a fún un

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kà sílẹ̀. Ẹ̀gbà ni ti inú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ọkùnrin tí wọ́n gbé lórí ẹní wá sọ́dọ̀ Jésù, ẹ̀gbà ló ń ṣe é. Rọpárọsẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ tú u wò: rọ apá, rọ ẹsẹ̀. Bí panápaná ṣe jẹ́ ẹni tó ń pa iná, bẹ́ẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ṣe jẹ́ ohun tó ń rọ apá tó ń rọ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló bí arọ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó dùn lẹ́nu, ọmọdé gbọ́ ọ, àgbà gbọ́ ọ. Àbùkù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí àìsàn náà ti yọjú ló dárúkọ, kò dárúkọ ibi tó ti wá. Apá àti ẹsẹ̀ la rí, a ò rí ọpọlọ.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni o. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pè é ní apoplexia, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí kí á lu èèyàn bolẹ̀. Stroke táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, lílù náà ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1599 ni pé ọwọ́ Ọlọ́run ló lu onítọ̀hún. Ọfà tiwa, lílù tiwọn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó di 1658 kí dókítà kan ní Switzerland, Johann Jakob Wepfer, tó tẹ ìwé tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ lè fa ìṣubú náà. Lónìí a mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló pín sí: ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ó sì lè jẹ́ pé iṣan náà bẹ́. Síbẹ̀, nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to orúkọ àìsàn, abẹ́ àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tò ó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú ìtẹ̀jáde kọkànlá, tó jáde ní 2018, ni wọ́n tó gbé e bọ́ sábẹ́ àìsàn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára. Bó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí àwọn dókítà tó fẹnu kò lórí ilé tó yẹ kó máa gbé, ta ni yóò wá dá àwọn ará Isolo-Opin lẹ́bi?

Àmọ́ orúkọ kì í lọ lásán, ó máa ń fa ìbéèrè tẹ̀lé ara rẹ̀ ni. Bí a bá ti pè é ní ọfà, ìbéèrè tó kàn ni: ta ló ta á? Ilé á gbóná, wọ́n á máa wá ọ̀tá. Dókítà kò béèrè ta ni. Ohun tó ń béèrè ni: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Láàárín ta ni àti ìgbà wo, ọjọ́ mẹ́rin ẹ̀gbọ́n mi ṣòfò.

Àwọn tó lọ bèèrè

Ní ayé òyìnbó amúnisìn, ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru ṣọ̀wọ́n láàárín àwa èèyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1929, dókítà òyìnbó kan, C. P. Donnison, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yẹ ẹgbẹ̀rún kan èèyàn wò ní Kẹ́ńyà, òun kò sì rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn. Ohun tí wọ́n gbà pé kò sí, ta ni yóò dìde wá a?

Àwọn tó dìde wà ní Ìbàdàn. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH. Ní 1962, Latunde Odeku ti Amẹ́ríkà dé, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó tún máa ń kọ ewì. Ó kú ní 1974, kò pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Láàárín ọdún yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òkè-Mẹsí wọ inú iṣẹ́ náà. Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ni, tí wọ́n bí ní 1935. Ọmọ Èkìtì ni bíi tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà náà, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni òun wà, tí àwa ará Opin wà lábẹ́ Ìlọrin ní Ẹkùn Àríwá.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwà Ọ̀ṣuntókun ni pé kì í jókòó sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn wá bá a. Àwọn kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń ta wọ́n bí iná, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di. Ó tọ̀ wọ́n lọ sí abúlé, títí dé Ọsọsà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ẹ̀gẹ́ ló sì ń gbọ́ ṣáá. Ní 1968 ó tẹ ìwádìí ńlá kan jáde, níbi tó ti so àìsàn náà mọ́ sáyánáìdì tó ń ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn mìíràn padà sí Ọsọsà. Wọ́n bá àìsàn náà níbẹ̀ síbẹ̀, àríyànjiyàn sì dé lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á. Bí ìmọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn.

Láti 1973 sí 1975, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún rọpárọsẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọlù nígboro, wọn á wá a kàn, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1979: nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, ìyẹn 100,000, nǹkan bí 26 ni rọpárọsẹ̀ ń mú lọ́dọọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Àìsàn tí wọ́n ní kò sí lára wa, òun ló ń dá wa dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba ilẹ̀ Ìbàràpá lọ. Ní abúlé Ayete ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ọ̀nà ìbéèrè wọn wò, láàárín èèyàn bíi 900. Wọ́n rí wárápá lára 37 nínú ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí wọ́n dé Igbó-Ọrà, tí wọ́n ń wọ ilé kan jáde sí òmíràn láàárín nǹkan bí 19,000 èèyàn, 5.3 péré ni wọ́n rí nínú ẹgbẹ̀rún. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Kí ló wá fà á? Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera ní Ìbàràpá láti 1963, Igbó-Ọrà ló sì jẹ oyè rẹ̀ jù. Wọ́n rò pé ibi tí aboyún ti ń rí ìtọ́jú, tí ọmọdé ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wárápá á dínkù níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó tún yọjú!

Ọdún wo la bí bàbá?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí akọ̀wé tó kọ 70.

Ní 1992, Ìbàdàn àti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lórí àrùn tó ń ba ìrántí àwọn àgbàlagbà jẹ́, èyí tí àwa ń pè ní ṣíṣe arán. Ọ̀ṣuntókun àti Adésọlá Ògúnníyì wà nídìí rẹ̀ níhìn-ín, Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n lọ. Ẹni tó bá ti pé 65 ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n báwo ni o ṣe máa mọ ẹni tó pé 65 níbi tí kò ti sí ìwé ọjọ́ ìbí?

Ìtàn ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí Ajayi àti Igun ṣe ní 1963. Ògúnníyì àti Ọ̀ṣuntókun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣe é gbára lé, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1993. Bí ọgbọ́n náà ṣe rí nìyí: o kò ní í bi ìyá àgbà pé ọdún mélòó ni yín. O máa bi í pé, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn, ṣé ẹ ti ń rìn? Lúkúlúkú jà ní 1918. Bí ó bá ti ń rìn nígbà náà, ó ti lé ní 70 ní 1992. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ìwé náà, inú mi sì bàjẹ́. Ohun tí ìyá wa sọ nípa ogun Hitler, ìdáhùn tó péye ni. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbà á sílẹ̀ ni kò sí nídìí tábìlì.

Ìdánwò ìrántí náà ní tirẹ̀ kò lè jẹ́ ti oníwèé. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé, o kò lè ní kó kọ gbólóhùn kan, kó ya àwòrán aago, kó sì wá sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti jó rẹ̀yìn nítorí pé kò lè ṣe é. Ìbéèrè tí wọ́n lò, àárín àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n tó tún un ṣe ní Yorùbá. Apá kan wà fún àgbàlagbà fúnra rẹ̀, apá kan wà fún ẹbí tó ń bá a gbé. Èyí ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa, nítorí ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ sọ pé ìyá òun ń ṣarán; á ní àgbà ló dé.

Èsì tó jáde ní 1995 ya ayé lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń bá jà. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 8.24 ni. Ọdún yẹn náà ni Ọ̀ṣuntókun kú, ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn tó kù tẹ̀ síwájú. Ní 2001 wọ́n kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 1.35 ni àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Àwọ̀ kan náà, orírun tó jọra, ìgbé ayé ọ̀tọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo oúnjẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti nǹkan àjogúnbá, láti mọ ohun tó ń dáàbò bo ẹni kan tí kò dáàbò bo èkejì.

Ìbéèrè mẹ́jọ

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ sọ kàn wá ní Kwara gbọ̀ngbọ̀n. SIREN ni wọ́n ń pè é. Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti Bruce Ovbiagele ló ṣáájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn 15 ní Nàìjíríà àti Gánà ló bá wọn ṣe é, Ìlọrin wà níbẹ̀. Wọ́n mú ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n sì wá ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tí ọjọ́ orí wọn bára mu, akọ pẹ̀lú akọ, abo pẹ̀lú abo, tí kò ṣe rí. Ní 2018 wọ́n tẹ èsì jáde: nǹkan mọ́kànlá tó ṣe é yí padà ló kó ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ewu náà sórí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, ikùn yíyọ, ìdààmú ọkàn, àìsàn ọkàn, sìgá, àìṣe eré ìdárayá, àti kí èèyàn máa bu iyọ̀ kún oúnjẹ nídìí tábìlì. Ẹ wá gbọ́ èyí: àìjẹ ewébẹ̀ tó náà wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ìyá wa ń já lẹ́yìnkùlé!

Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe máa mọ̀ dájú pé ẹni tí o mú ní ẹnìkejì kò tíì ní rọpárọsẹ̀ rí? Ìbéèrè mẹ́jọ kan wà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní láti tú u sí Yorùbá, Haúsá àti Akan, kí wọ́n sì fi ojú aláìsàn dán an wò. Ibí ni iṣẹ́ tiwa, àwa onímọ̀ èdè, ti wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé ẹnì kan á tú u sí Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọn á wá gbé méjèèjì síra wọn.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá apá kan ara rẹ ti ṣàìlágbára lójijì rí. Bí o bá bi àgbẹ̀ Isolo-Opin pé “ṣé ó ti rẹ̀ yín rí?”, á rẹ́rìn-ín, á ní àná gan-an ló rẹ òun. Bí o bá ní “ṣé apá yín ti kú rí?”, á ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí òun fi ṣe ìrọ̀rí sùn. Kú tìpìrì yàtọ̀ sí rọ, rọ yàtọ̀ sí rẹ̀, rẹ̀ yàtọ̀ sí ro. Lójijì gan-an ni ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù nínú gbólóhùn náà. Bí ògbufọ̀ bá gbàgbé rẹ̀, ẹgbàágbèje èèyàn tí ara kàn ń ro á wọ inú ìwé aláìsàn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kan péré lè sọ ìwádìí di òfo.

Ìdáhùn mi

Mo ti wá tó dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn báyìí. Kọ rọpárọsẹ̀. Má kọ sitiróòkù. Ìyá tó wà ní Isolo-Opin lè rò pé àìsàn àwọn ará Èkó ni. Má dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí èèyàn ti mọ̀ ti tó. Àmọ́ gbólóhùn tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o ṣọ́. Jẹ́ kó sọ pé inú ọpọlọ ni àìsàn yìí ti ń wá, ẹnu tó wọ́, apá tí kò gbé sókè, ọ̀rọ̀ tó lọ́ lójijì ni àmì rẹ̀, wákàtí la sì ń kà, a kì í ka ọjọ́.

Ní ti pé kò gba abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù fún àwọn àgbà wa. Wọ́n rí i pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ya ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gbé e dé ilé ìwòsàn nígbà tó ti bọ́, wọ́n á gún un, á sì kú. Wọ́n wá dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Lónìí, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tí àmì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí, nítorí bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, oògùn yẹn gan-an lè pa á. Láti ilé wa, gba Omu-Aran dé Ìlọrin, ẹ ro wákàtí mẹ́rin àbọ̀ wò. Ẹni tó bá lo ìdajì rẹ̀ láti fi wádìí ta ló ta ọfà, ó ti tán.

Ní 1989, oògùn yẹn kò tíì sí fún rọpárọsẹ̀. N kò ní í tan ara mi pé bí mo bá yára ni, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ì bá padà bọ̀ sípò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n fún àádọ́ta ọdún ló ń dùn mí. Ìyẹn kò nílò ju róbà kan tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ó sì ti wà láyé kí wọ́n tó bí i.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe báyìí nígbàkígbà tí mo bá lọ sílé. Mo máa ń mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dání, àwọn ẹbí á tò wá, a ó wọ̀n ọ́n, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì ni pé mo ń kó ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú wa jọ, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ Ìbàdàn kò bá ti Opin mu. Reluwé tó dé Ìbàdàn ní 1901 kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá rí. Bí akọ̀wé kan bá tún béèrè ọjọ́ orí bàbá kan láti Isolo-Opin, kò ní í jẹ́ irun rẹ̀ ni yóò wò.

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi ṣe é. Kí ni wọ́n ń pe àìsàn yìí ní ìlú tiyín, ní ẹ̀ka èdè tiyín? Kí ni wọ́n ní ó ń fà á? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ fi àmì ohùn sí i o, mi ò tíì gbàgbé bí ẹ ṣe máa ń sá fún un. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.